Kíkó Erùpẹ̀ Kúrò Nínú Ṣaasí Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹṣin kì í wo gàárì ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Ẹsẹ̀ àti egungun ẹṣin náà ni í kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí nípa ọkọ̀ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ́kọ̀ a máa fọ ara ọkọ̀ wọn títí yóò fi máa dán bí dígí, wọn a sì máa pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì ní àkókò tí ó tọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í rántí irin gígùn méjì tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, tí ó ru ẹ́ńjìnnì, tí ó ru ẹrù, tí ó sì ru àwọn ènìyàn tí ó jókòó sínú rẹ̀. Irin wọ̀nyí, pẹ̀lú àwọn irin ìdábùú tí ó so wọ́n pọ̀, ni à ń pè ní ṣaasí. Òun ni egungun ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá jẹ, a lè fi okùn so ó títí a ó fi dé ilé. Ṣùgbọ́n bí ṣaasí bá ṣẹ́ lórí eré, kò sí okùn tí a lè fi so ó.

Kì í ṣe ẹrù wíwúwo nìkan ni í pa ṣaasí ọkọ̀ àtijọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, erùpẹ̀ tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ni ó pa á. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ìta irin náà lè dúdú, kí ó sì máa dán, nígbà tí inú rẹ̀ ti di ìpẹtà. Nítorí náà ó yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ mọ bí a ti í kó erùpẹ̀ náà jáde, kí ó sì mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ kó o jáde ná, kí a tó fi epo tàbí ọ̀dà kan irin náà.

ORÍṢI ṢAASÍ, ÀTI Ọ̀NÀ TÍ ERÙPẸ̀ Ń GBÀ WỌLÉ

Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ṣaasí olójú gbangba, èyí tí a ṣe bí gọ́tà omi òjò tí a dà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Irú rẹ̀ ni ti ọkọ̀ Ford Model T, tí a ṣe ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1908 títí di ọdún 1927, tí iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Irú rẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ lọ́rì akẹ́rù títí di òní. Erùpẹ̀ a máa bà lé e, ṣùgbọ́n ojú ń rí i, ọwọ́ sì ń tó o.

Èkejì ni ṣaasí alápòótí, èyí tí a fi irin pẹlẹbẹ jó pọ̀ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí inú rẹ̀ sì ṣófo bí inú ọparun. Èyí le gan-an, kì í sì í lọ́ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ tí kò ní ṣaasí ọ̀tọ̀. Irú rẹ̀ ni Peugeot 504 tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná ní ọdún 1975. Nínú ọkọ̀ akérò irú èyí, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ṣaasí, pàápàá irin oníhò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ohun tí a ó sọ nípa ṣaasí alápòótí kan irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ ṣaasí alápòótí tí ó ye ènìyàn jù ni ti Land Rover. Ilé-iṣẹ́ Rover ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ yìí han aráyé ní ìlú Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Ní àkókò náà, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi alumíníọ̀mù ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n irin gan-an ni wọ́n fi ṣe ṣaasí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ ogun lò ó káàkiri ilẹ̀ wọ̀nyí, nítorí pé kì í kọ ọ̀nà búburú. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin; nítorí náà Land Rover tí ó ti lo àádọ́ta ọdún lè ní ara tí ó dára, nígbà tí egungun tí ó gbé ara náà dúró ti jẹ tán. Ẹni tí ó bá fi ojú ara dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ yóò ṣìnà.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ṣaasí alápòótí ní ẹnu púpọ̀. Ihò wà fún bóòtì, ihò wà fún wáyà iná, ihò sì wà ní ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jò jáde. Nígbà òjò, táyà a máa ta ẹrẹ̀ sókè sí ara irin náà, ẹrẹ̀ a sì gba ihò wọ̀nyí wọlé. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó di eruku líle. Ní ọdún kejì, òmíràn a tún gun orí ti àkọ́kọ́. Ihò ìsàlẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dí, nígbà tí ó bá sì dí tán, ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ti tán, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé ṣì kù. Ewé gbígbẹ, iyanrìn, ilé agbọ́n àti ìtẹ́ èkúté a sì máa kún un.

ÌDÍ TÍ ERÙPẸ̀ FI Ń BA IRIN JẸ́

Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí ìpẹtà tó lè wà: irin, omi, àti atẹ́gùn. Bí irin bá gbẹ, kò ní í dípẹtà bọ̀rọ̀. Bí òjò bá pa irin tí ó mọ́, oòrùn a tètè gbẹ ẹ́, ìpalára náà a sì kéré. Ṣùgbọ́n bí erùpẹ̀ bá bo irin náà, ọ̀ràn yí padà. Gẹ́gẹ́ bí ewé ti í pa omi ara ẹ̀kọ mọ́ tí ẹ̀kọ kò fi í gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ í pa omi mọ́ sí ara irin. Òjò lè ti dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí inú ṣaasí náà sì wà ní tútù síbẹ̀. Kì í ṣe omi tí ó kọjá lọ ni ó ń jẹ irin, bí kò ṣe omi tí ó jókòó.

Ìpẹtà tún ní ìwà búburú méjì. Èkíní ni pé ó ń gba àyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ, ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nítorí náà, níbi tí irin méjì bá ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, a máa tì wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí gbòǹgbò igi ti í la ògiri. Èkejì ni pé kò dán mọ́ irin bí awọ. A máa bó bí èèpo, irin tuntun a sì yọ jáde fún omi láti jẹ.

Ibi tí erùpẹ̀ náà ń jókòó sí ni ó sọ ọ́ di ewu. Nígbà tí ẹrù bá wà lórí ọkọ̀, irin òkè ṣaasí, láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, a máa fún pọ̀, irin ìsàlẹ̀ a sì máa nà. Àwọn méjèèjì wọ̀nyí ni ó ń gbé ìwúwo jù. Ìhà ẹ̀gbẹ́ kò gbé tó wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé orí irin ìsàlẹ̀ gan-an ni erùpẹ̀ ń sùn lé. Irin tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni ó wà nínú omi.

Iyọ̀ a sì máa mú kí gbogbo èyí yára sí i. Ọkọ̀ tí ń gbé ní ẹ̀bá òkun, bí ti Èkó, Àgbádárìgì àti Kútọnu, ń mí iyọ̀ sínú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí ó pọ̀ ju ti etí òkun lọ lè ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Kánádà, àti ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, wọn a máa da iyọ̀ sí ojú títì nígbà òtútù kí omi dídì lè yọ́. Táyà a máa ta omi iyọ̀ náà sínú ṣaasí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà a sì di tòkunbọ̀ tí à ń tà ní ilẹ̀ wọ̀nyí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọkọ̀ tí kò gbó jù bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2016, láti fi òpin sí ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Toyota gbà láti yẹ ṣaasí àwọn ọkọ̀ Tacoma, Tundra àti Sequoia kan wò, tí iye wọn tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, kí ó sì pààrọ̀ èyí tí ìpẹtà bá ti jẹ kọjá ààlà.

ÀKÓKÒ TÍ Ó YẸ FÚN IṢẸ́ NÁÀ

Àkókò tí ó dára jù ni ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, ní oṣù kejìlá, nígbà tí òjò ti dá tí atẹ́gùn sì gbẹ. Ẹrẹ̀ ọdún náà ti parí, oòrùn yóò sì gbẹ inú irin náà dáradára lẹ́yìn fífọ̀. Ẹni tí ó bá fọ ṣaasí rẹ̀ ní oṣù kẹfà, tí ó sì fi epo dí omi mọ́ inú rẹ̀ kí ó tó gbẹ, ti pa ara rẹ̀ lára ju ẹni tí kò fọ̀ ọ́ rárá lọ.

OHUN ÈLÒ

Kò sí ohun tí ó wọ́n nínú wọn: jáàkì, ìtì igi líle tàbí ẹsẹ̀ irin tí a fi ń gbé ọkọ̀ dúró, òòlù kékeré, súkúrù-díráfà tí ẹnu rẹ̀ kò mú, wáyà líle, ṣéènì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí a so okùn líle mọ́ ní ìkángun méjèèjì, búrọ́ọ̀ṣì onírin, búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ inú ìgò, tí a fi igi gígùn sí, iná tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré, òòfà tí a fi okùn so, rọ́bà omi gígùn, abọ́ tánganran funfun kan, awò ojú, ìbọ̀wọ́, bàtà líle àti aṣọ tí a ó fi bo imú. Bí fọkanáísà tí ń fún táyà ní atẹ́gùn bá wà nítòsí, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní wákàtí kan.

BÍ A TI Í ṢE IṢẸ́ NÁÀ

1. Gbígbé ọkọ̀ sókè. Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le ni a gbọ́dọ̀ ti ṣe é. A ó fi òkúta tàbí igi há àwọn táyà tí ó wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yí. A ó fi jáàkì gbé e, lẹ́yìn náà a ó gbé e lé ìtì igi tàbí ẹsẹ̀ irin. Jáàkì wà fún gbígbé sókè, kò wà fún gbígbé dúró. Ẹni tí ó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró ti fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì oníhò kò dára fún èyí, nítorí ó lè fọ́ lójijì láìṣe ìkìlọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀, kí a ti ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ó dúró ṣinṣin. Kí a sì yọ wáyà orí bátìrì.

2. Wíwò. Kí a fi tọ́ọ̀ṣì àti dígí wo inú gbogbo ihò, kí a sì fi ẹfun sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò apá ọ̀tún àti ti apá òsì sábà máa ń jọ ara wọn. Bí a bá rí ihò ní apá kan tí a kò rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní apá kejì, ó ṣeé ṣe kí erùpẹ̀ ti dí i. Kí a ṣàkíyèsí ibi tí páìpù epo, páìpù bíréèkì àti wáyà iná ti gba ara ṣaasí kọjá, tàbí inú rẹ̀, kí irin tí a ó tì wọlé má baà lù wọ́n.

3. Kíkó erùpẹ̀ gbígbẹ. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Wọn a sáré da omi sínú ṣaasí, erùpẹ̀ a di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ a ṣàn lọ sí kọ̀rọ̀, yóò sì dì síbẹ̀ bí amọ̀. Ní gbígbẹ ni kí a kọ́kọ́ kó o. Kí a há ara irin náà mọ́ ná. Lẹ́yìn èyí kí a fi wáyà ṣí àwọn ihò ìsàlẹ̀. Kí a fi wáyà gígùn fa okùn ṣéènì láti ihò kan dé òmíràn, kí ẹnì kan dúró ní ìkángun kan, ẹnì kejì ní ìkángun kejì, kí wọ́n sì máa fà á lọ fà á bọ̀. Ṣéènì náà yóò ha ilẹ̀ inú irin, erùpẹ̀ yóò sì máa já bọ́. Kí a máa fi òòlù kékeré kan ẹ̀gbẹ́ irin náà jẹ́jẹ́ bí a ti ń ṣe é. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ìparí, kí a fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ láti ibi tí ó ga sí ibi tí ó rẹlẹ̀, kí a sì fi òòfà yọ nọ́ọ̀tì àti bóòtì tí ó bá ti já sínú rẹ̀.

4. Yíyẹ ohun tí ó jáde wò. Kí a má ṣe gbá a dànù kíákíá. Iyanrìn àti eruku pupa kò burú. Èèpo tín-ín-rín bí ìpẹ́ ẹja fi hàn pé ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ṣì lè kù. Bí ó bá jẹ́ èèpo tí ó nípọn, tí ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí ó sì pín sí ìpele-ìpele, a jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ nínú irin náà ti di ìpẹtà. Kí a sàmì sí ibi tí ó ti jáde.

5. Fífi omi fọ̀. Nígbà tí erùpẹ̀ gbígbẹ kò bá jáde mọ́, nígbà náà ni omi tó kàn. Omi tí kò ní iyọ̀ ni kí a lò. Omi òkun àti omi ọ̀sà kò dára. Kí a ti rọ́bà omi wọ inú ihò tí ó ga jù, kí omi púpọ̀ máa ṣàn jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Èyí sàn ju omi díẹ̀ tí a fi agbára tú lọ. Ṣaasí kì í ṣe gbọọrọ. A máa tẹ̀ sókè lórí irin táyà ẹ̀yìn, nítorí náà erùpẹ̀ máa ń kó ara jọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀ àti sí irin ìdábùú tí ó wà ní ìparí ẹ̀yìn. Kí a fọ̀ ọ́ láti iwájú wá sí ẹ̀yìn, kí a sì tún fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Kí a fi abọ́ funfun gbe omi tí ó ń jáde. Bí ó bá ṣì pupa, iṣẹ́ kò tíì parí. Nígbà tí ó bá mọ́ tí ilẹ̀ abọ́ hàn, ó parí. Ọkọ̀ tí ó ti ẹ̀bá òkun tàbí ilẹ̀ òtútù wá yẹ kí a tún fọ̀ ní ọjọ́ kejì, nítorí iyọ̀ kì í tán ní ìgbà kan.

6. Gbígbẹ. Kí a fi gbogbo ihò sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ọkọ̀ wà nínú oòrùn àti atẹ́gùn fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, kí a so aṣọ funfun gbígbẹ mọ́ orí wáyà, kí a sì tì í wọ inú lọ́hùn-ún. Bí aṣọ náà bá jáde ní tútù, kí a ní sùúrù sí i.

7. Àtúnṣe. Bí ibì kan bá fẹ́ jíjó, ìgbà yìí ni kí a pe ajórin, kí epo tó kan irin náà. Epo àti ìda tí ó wà nínú irin oníhò máa ń gbiná nígbà tí a bá ń jó irin, iná tí ó wà nínú ṣaasí kò sì rọrùn láti pa. Kí wọ́n yọ táǹkì epo kúrò nítòsí.

8. Fífi ààbò sí i. Ohun tí ó dára jù ni ìda olómi tí a ṣe fún inú irin ọkọ̀, tí a ń fi páìpù tín-ín-rín fọ́n wọlé títí yóò fi máa kán láti inú àwọn ihò ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti kán tán, kí a tún fi wáyà ṣí àwọn ihò náà, kí ìda má baà dí wọn. Ọ̀rá tí a ń rí láti ara irun àgùntàn náà dára. Epo pupa àti òróró ìdáná kò yẹ, nítorí wọn a máa kan, wọn a sì máa pe èèrà. Epo ẹ́ńjìnnì tí a ti lò kò yẹ pẹ̀lú: ó ń ba ilẹ̀ àti omi kànga jẹ́, ó sì ní oró tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ bí ó bá ń kan awọ ara nígbà gbogbo. Kí ohunkóhun nínú epo wọ̀nyí má ṣe kan bíréèkì. Kí a sì fi ẹ̀sọ̀ dán bíréèkì wò kí ọkọ̀ tó padà sí ojú ọ̀nà.

Ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí a kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan a máa lu ihò tuntun sí ṣaasí kí omi lè tètè jáde. Èyí kò tọ́. Irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù. Ihò tí a bá lù sí wọn láìmọ ètò lè di ibi tí ṣíṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ihò tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ dá sí i tó, bí wọ́n bá wà ní ṣíṣí.

ÌKÌLỌ̀ NÍPA ÌLERA

Kí a kan irin náà kí a tó ti ọwọ́ bọ ihò, nítorí agbọ́n, àkekèé àti ejò a máa sá pamọ́ síbẹ̀.

Bí a bá rí ìtẹ́ èkúté, kí a má ṣe fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, kí a má sì ṣe gbá a ní gbígbẹ. Ibí yìí nìkan ni òfin gbígbẹ kò ti ṣiṣẹ́. Àrùn Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1969, ń ti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú èkúté kan ran ènìyàn, eruku rẹ̀ sì lè gba imú wọlé. Kí a fi omi tí a pò mọ́ oògùn apakòkòrò rin ín dáradára, kí a dúró díẹ̀, kí a sì fi ìbọ̀wọ́ kó o, kí a sin ín.

Bí irin bá gé ni lára lábẹ́ ọkọ̀, kí a má ṣe fojú kéré rẹ̀. Kì í ṣe ìpẹtà fúnra rẹ̀ ni ó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí í mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ há pinpin. Kòkòrò tí ń gbé inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni ó fà á, ilẹ̀ sì ni ó kún inú ṣaasí. Kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀ bá ti pẹ́.

Ọ̀dà tí a fi kun ọkọ̀ láyé àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú. Eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà kí àwọn ọmọ má ṣe wà nítòsí, kí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà sì fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, kí ó sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó tó gbé ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi epo bẹntiróòlù fọ ṣaasí: èéfín rẹ̀ a máa gbiná láti ọ̀nà jíjìn.

ṢAASÍ TÍ Ó TI KỌJÁ FÍFỌ̀

Fífọ̀ kì í dá irin tí ó ti jẹ padà. Nígbà tí erùpẹ̀ bá kúrò, nígbà náà ni òtítọ́ yóò hàn. Kí a fi òòlù kékeré kan ṣaasí náà láti ìkángun dé ìkángun. Irin tí ó le a máa dún gooro bí agogo. Èyí tí ó ti jẹ a máa dún bí ìgbà tí a kan páálí. Kí a fi súkúrù-díráfà ti ibi tí ó dún bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wọlé, tàbí bí irin náà bá tẹ̀ sínú, iṣẹ́ náà ti di ti ajórin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò jù ni ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ṣaasí, ibi tí ó tẹ̀ lórí irin táyà ẹ̀yìn, àwọn apá tí ó yọ jáde láti gbé ara ọkọ̀, àti irin ìdábùú ẹ̀yìn.

Bí ibi kékeré kan bá jẹ, a lè gé e kúrò dé ibi tí irin tí ó le wà, kí a sì jó irin tuntun tí ó nípọn bákan náà sí ipò rẹ̀. Kí a má ṣe lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ orí ìpẹtà, nítorí ìpẹtà yóò máa jẹ lọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ibi tí ó jẹ bá pọ̀ jù, ṣaasí mìíràn ni ó kù. Fún Land Rover, a ṣì ń ṣe ṣaasí tuntun, a sì ń rì wọ́n sínú síńkì gbígbóná kí ìpẹtà má baà tètè mú wọn. Owó rẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ọkọ̀ kó èrò lọ sí ọjà kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí wọn dán ṣaasí jíjẹ wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ pẹ̀lú. Bí abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ bá dúdú rokoṣo pẹ̀lú ọ̀dà tuntun, nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ yòókù gbó, kí ó bèèrè ohun tí a fi ọ̀dà náà bò. Ọ̀dà tí a kùn lé erùpẹ̀ àti ìpẹtà kì í dá wọn dúró; ojú olùrà nìkan ni ó ń dí. Kí ó tẹ́ aṣọ sí ilẹ̀ lábẹ́ ṣaasí náà, kí ó sì kan án ní ojú ẹni tí ń tà á. Ohun tí ó bá já bọ́ sórí aṣọ náà yóò sọ fún un bóyá kí ó san owó tàbí kí ó máa lọ.

ÈTÒ ỌDÚN

Oṣù kejìlá: kíkó erùpẹ̀, fífọ̀, gbígbẹ àti fífi ìda sí i. Oṣù kẹta, kí òjò tó wọlé: ṣíṣí gbogbo ihò ìsàlẹ̀ pẹ̀lú wáyà. Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀: fífi omi ṣan abẹ́ ọkọ̀, pàápàá ẹ̀yìn táyà, àti ṣíṣí àwọn ihò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọkọ̀ bá wọ omi òkun tàbí omi ọ̀sà nígbàkígbà, kí a fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

Iṣẹ́ ṣíṣí ihò kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, wáyà kan ni ó sì ń fẹ́. Bí ihò bá ṣí, omi yóò jáde. Bí omi bá jáde, irin yóò gbẹ. Irin tí ó bá gbẹ ni ó lè gbé ọkọ̀, ẹrù àti ènìyàn dé ibi tí wọ́n ń lọ.